Ọwọ́ Ọ̀tún àti Ọwọ́ Òsì Ni, Kì í Ṣe Ìbejì

 Ẹ kú iṣẹ́ àtòjọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí. Ní ilé-ìwé tó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá bí èyí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gbọ́ Yorùbá àfi lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá kí wa, kí èèyàn rí ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì lédè tirẹ̀ lára ògiri láàbù, nǹkan ìwúrí ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú àtòjọ náà tí n kò lè gbà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí a tó dìbò lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ náà ni "mólékù ìbejì". Ẹ̀gbọ́n wa kan ní SS3 ló mú un wá. Wọ́n ní bí mólékù méjì bá ní fọ́múlà kan náà, tí ọ̀kan sì dà bí àwòrán èkejì nínú dígí, kí a máa pè wọ́n ní ìbejì. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo mọ ìdí tí a fi pàtẹ́wọ́: ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, tiwa ni, ta ni nínú Yorùbá tí kò fẹ́ràn ìbejì? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ tó dùn lè ṣi ènìyàn lọ́nà, pàápàá níbi tí oògùn bá ti wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí fọ́múlà fún àwọn àbúrò wa ní JSS. Fọ́múlà dà bí ìwé pélébé tí ìyá fi rán ọmọ lọ sọ́jà. Ó sọ ohun tí a ó rà àti iye rẹ̀. Kò sọ bí a ó ṣe sè é. Ẹ wo C₂H₆O: kábọ̀nù 2, háídírójìn 6, ọ́síjìn 1. Bí ọ́síjìn náà bá wà lápá ìparí, láàárín kábọ̀nù kan àti háídírójìn kan, ọtí inú ẹmu àti ògógóró nìyẹn, tó ń hó ní 78°C. Bó bá wà láàárín kábọ̀nù méjèèjì, gáàsì ni, tó ti hó tán láti nǹkan bí -24°C, kò sẹ́ni tó lè bù ú sínú ife. Èyí kò ṣòro láti gbà, torí pé ẹni tó di ẹni mú ti yí padà. Ó dà bí ọba àti abọ́: lẹ́tà mẹ́ta kan náà, a kàn tò wọ́n sódì ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ibi tí ẹni tó di ẹni mú kò ti yí padà rárá. Kábọ̀nù yìí ṣì di kábọ̀nù yẹn mú, ọ́síjìn ṣì wà níbi tó wà, àmọ́ ẹni tó kọjú sókè ti kọjú sísàlẹ̀, tàbí ẹni tó wà lọ́tùn-ún ti bọ́ sí òsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́ ọ lórí bí orin nítorí WAEC, "same formula, different spatial arrangement," ó parí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá ló yẹ kó tètè yé jù. Ẹ kọ igba, igbá, ìgbà àti igbà sílẹ̀. Lẹ́tà kan náà, ètò kan náà, kò sí èyí tó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ iye, a fi ọ̀kan bu omi, ọ̀kan jẹ́ àkókò, ọ̀kan sì ni okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i ti kọ fọ́múlà, kò tíì kọ ọ̀rọ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ àmì ohùn kúrò nínú ìwé ìròyìn yìí torí pé ó ń pẹ́ láti tẹ̀, ẹ ṣeun tí ẹ ka ìpínrọ̀ yìí dé òpin.)

Ẹ̀rí tó súnmọ́ wa jù ni oúnjẹ. Iṣu tí wọ́n sè fún wa lọ́jọ́ Sátidé, sítáàṣì ló pọ̀ nínú rẹ̀, sítáàṣì sì jẹ́ glúkóòsì tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn. Ìwé tí ẹ mú dání yìí ńkọ́? Sẹ́lúlóòsì ni, glúkóòsì tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ni òun náà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ojú ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ kan ti di èkejì mú lọ. Bí a bá yà á bí ìwé wa ṣe ń yà á, ọ́síjìn tó wà lára kábọ̀nù kìíní kọjú sísàlẹ̀ nínú sítáàṣì, ó kọjú sókè nínú sẹ́lúlóòsì. Áfà àti bẹ́tà tí a ń gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ nìyẹn. Nítorí ìyẹn nìkan, okùn sítáàṣì ká kò, ti sẹ́lúlóòsì nà gbọnrangandan, ó tẹ́ tì ara rẹ̀, ó di ara mú, ó di igi, ó di òwú, ó di pákó bẹ́ẹ̀dì tí a ń sùn lé. Ẹ rọra jẹ iṣu lẹ́nu kí ó pẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, torí pé itọ́ wa mọ bí a ṣe ń já okùn áfà. Ẹ jẹ ìwé yìí títí wọn yóò fi paná lálẹ́, kò ní dùn. Itọ́ wa kò mọ bẹ́tà, ikùn wa kò sì mọ̀ ọ́n. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ikùn ewúrẹ́ ló mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kí ewúrẹ́ lè jẹ nóòtù ẹni kó sì yó.

Irú kejì ni èyí tí SS2 ń pè ní "cis" àti "trans". Bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi bá fi ọwọ́ kan ṣoṣo di ara wa mú, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lè yí bó ṣe wù ú. Bí a bá fi ọwọ́ méjèèjì di ara wa mú, kò sẹ́ni tó lè yí mọ́ àfi bí a bá jáwọ́. Bí kábọ̀nù méjì tó fi ìdè méjì so pọ̀ ṣe rí nìyẹn: ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yóò wà níbẹ̀. Nínú òróró ẹ̀pà, ásíìdì kan wà tó ń jẹ́ oleic, C₁₈H₃₄O₂. Apá méjèèjì okùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, torí náà ó tẹ̀ bí orúnkún, kò lè tò jọ dáadáa, ó ń yọ́ ní nǹkan bí 13°C. Bí a bá gbé apá kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ òdìkejì, ó nà, ó tò jọ bí igi ìdáná, kò sì ní yọ́ àfi tó bá gbóná tó nǹkan bí 45°C. Fọ́múlà kò yí padà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ háídírójìn sínú òróró kí ó lè dì, díẹ̀ lára ọ̀rá ẹ̀gbẹ́-kan-náà máa ń di ti ẹ̀gbẹ́ òdìkejì, ìyẹn sì ni ọ̀rá tó ń ba ọkàn jẹ́. Òun ni NAFDAC fi òfin dè, pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá.

Ọ̀rọ̀ ìbejì wá dé. Ẹ mú ọsàn kan, ẹ fi igi ìgbálẹ̀ mẹ́rin gún un lára kí wọ́n jìnnà síra wọn bákan náà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun, pupa, búlúù àti yẹ́lò kun orí àwọn igi náà. Ẹ ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n kí ẹ pààrọ̀ àyè àwọ̀ méjì péré. Ẹ wá gbìyànjú láti yí èkejì títí yóò fi bá ìkíní mu. Ẹ yí i sókè, ẹ yí i sódò, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Kò ní bá a mu láé. Ẹ gbé dígí síwájú ọ̀kan: èyí tí ẹ rí nínú dígí náà ni èkejì. Irú kábọ̀nù bẹ́ẹ̀, tó di ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú, ló wà nínú ásíìdì tó jẹ́ kí omi ògì kan.

Ọmọ ọdún 25 ni Louis Pasteur nígbà tó kọ́kọ́ fi ojú rí èyí ní Paris lọ́dún 1848. Iyọ̀ tí a fi ásíìdì inú wáìnì ṣe ló ń yẹ̀ wò. Oríṣi ásíìdì méjì ni wọ́n ní, fọ́múlà kan náà; ọ̀kan máa ń yí ìmọ́lẹ̀ kan tí a ti tò sójú kan, èkejì kì í yí i. Kò sẹ́ni tó mọ̀dí rẹ̀. Pasteur fi ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi wo hóró iyọ̀ èyí tí kì í yí ìmọ́lẹ̀, ó sì rí i pé oríṣi hóró méjì ló dàpọ̀ níbẹ̀, ojú pẹrẹsẹ kan lára wọn wà lọ́tùn-ún fún àwọn kan, lósì fún àwọn yòókù. Ó mú ẹ̀mú kékeré, ó ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó yọ́ wọn sínú omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan yí ìmọ́lẹ̀ sọ́tùn-ún, èkejì yí i sósì, ìwọ̀n kan náà. Nígbà tí wọ́n dàpọ̀ ni ọ̀kan ń pa iṣẹ́ èkejì rẹ́. Ojú ọjọ́ pẹ̀lú ràn án lọ́wọ́, torí iyọ̀ yẹn kì í pín sí méjì bẹ́ẹ̀ bí ibi tí ó ti ń dì bá gbóná ju nǹkan bí 27°C lọ. Ká ní láàbù wa ní oṣù kẹta ni, hóró kan ṣoṣo ni ì bá rí. Lọ́dún 1874 ni van 't Hoff, ará Netherlands, àti Le Bel, ará Faransé, wá sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé kábọ̀nù na ọwọ́ rẹ̀ sí igun mẹ́rin. Kolbe, àgbà onímọ̀ ní Jámánì, fi van 't Hoff ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé. Lọ́dún 1901, van 't Hoff náà ló gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì àkọ́kọ́.

Ṣé ìbejì wá ni hóró méjì yẹn? Irú ìbejì méjì ló wà. Àwọn kan wá láti inú ẹyin méjì, àwọn kan wá láti inú ẹyin kan tó pín. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí ìbejì pọ̀ sí jù lágbàáyé, orúkọ Igbó-Ọrà sì ti kan dé òkè òkun nítorí rẹ̀. Àmọ́ ti ẹyin méjì ló sọ wá di olókìkí. Ti ẹyin kan kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ti ibòmíràn lọ. Ìbejì ẹyin méjì kò ní ohun kan náà nínú ẹ̀jẹ̀, Táíwò lè jẹ́ ọkùnrin kí Kẹ́hìndé jẹ́ obìnrin, wọn kò sàn ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Fọ́múlà wọn yàtọ̀. Wọn kò ṣeé fi ṣàpèjúwe áísómà.

Ti ẹyin kan ńkọ́? Àwọn yẹn bára mu jù. Táíwò lè wọ yunifọ́ọ̀mù Kẹ́hìndé, ó lè dáhùn orúkọ Kẹ́hìndé lórí ìlà (àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí mò ń wí). Ní oṣù kejìlá ọdún 1954, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà yọ kíndìnrín kan lára ọ̀kan nínú irú ìbejì bẹ́ẹ̀, wọ́n fi sínú èkejì, ara rẹ̀ sì gbà á bíi pé tirẹ̀ ni. Òun ni pípààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere. Ìdí tí ó fi ṣeé ṣe ni pé ẹnì kan lè dúró fún ẹnì kejì. Ohun tí mólékù inú dígí kò lè ṣe gan-an nìyẹn.

Bàtà ni kí ẹ fi wé e. Ẹ mọ bí aago ìdájí ṣe máa ń lù, tí iná ò sí, tí èèyàn á kánjú ti ẹsẹ̀ òsì bọ sáńdà ọ̀tún. Awọ kan náà, okùn kan náà, iye ihò kan náà, ẹsẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Ara wa kún fún irú bàtà bẹ́ẹ̀. Àwọn ásíìdì tí a fi ń kọ́ ẹran ara, òsì ni gbogbo wọn, àfi glycine tí kò ní ọ̀tún tí kò ní òsì. Glúkóòsì tí ara wa ń jó fún agbára, ti ọ̀tún ni. Bí wọ́n bá ṣe glúkóòsì òsì sínú láàbù, yóò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ara kò ní rí i lò. Imú wa pàápàá mọ̀ ọ́n: carvone ti apá kan ń ta sánsán bíi míǹtì inú ọṣẹ ìfọyín, carvone ti apá kejì ń rùn bí èso kan tí àwọn ará Yúróòpù ń fi sínú búrẹ́dì. Wọ́n fọ́múlà méjèèjì, C₁₀H₁₄O ni wọ́n bá.

Níbi oògùn ni mo ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ "ìbejì" jù, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọ̀kan lè gba iṣẹ́ èkejì ṣe. Ní Ìwọ̀-oòrùn Jámánì lọ́dún 1957, wọ́n gbé oògùn thalidomide jáde fún oorun, àwọn aláboyún sì ń lò ó fún èébì àárọ̀. Ọ̀tún àti òsì ló dàpọ̀ nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní ìparí ọdún 1961, ó ti ba ọmọ inú jẹ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Iye tí wọ́n sábà máa ń dá ju 10,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé. Amẹ́ríkà bọ́ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nítorí pé obìnrin kan, Dókítà Frances Kelsey ní FDA, kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ìwádìí tọ́ka sí i pé ọwọ́ kan ló ń fúnni lóorun, ọwọ́ kejì ló ń ba ọmọ jẹ́. Ẹ má sì rò pé a kàn lè ṣà wọ́n bíi ti Pasteur kí a fún aláìsàn ní ọwọ́ rere nìkan. Ara ènìyàn ń yí ọ̀kan padà sí èkejì fúnra rẹ̀.

Ibuprofen tí a ń gbà ní síìkì-bée ńkọ́? Ọ̀tún àti òsì ló dàpọ̀ nínú òun náà, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ gan-an, ara sì ń yí púpọ̀ nínú èyí tí kò ṣiṣẹ́ sí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, yíyí náà ṣe wá lóore. Levofloxacin tí ẹ ń rí ní kẹ́míìsì, ti òsì nìkan ni wọ́n yọ lára ofloxacin. "Levo" inú orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Látìn fún òsì ni. Ṣé ẹ rí i? Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò pè é ní ìbejì. Ọwọ́ ni wọ́n pè é.

Mo mọ àtakò tí ẹ̀gbọ́n wa yóò gbé dìde, torí olóye ni wọ́n: ọwọ́ kò ju méjì lọ, bẹ́ẹ̀ áísómà lè pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Tí a bá ka glúkóòsì mọ́ àwọn tó di ara mú bíi tirẹ̀, tí ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ìdúró nìkan, 16 ni wọ́n. Ṣùgbọ́n inú 16 yẹn, méjì-méjì ni wọ́n ń bára wọn lọ nínú dígí, ìṣọ̀rí ọwọ́ mẹ́jọ. Àwọn yòókù tí wọn kì í ṣe àwòrán ara wọn, kí a má fipá fún wọn lórúkọ ọwọ́. Irú wọn ni quinine àti quinidine, tó ti inú èèpo igi cinchona kan náà wá, C₂₀H₂₄N₂O₂ ni méjèèjì. Ibà ni a mọ quinine mọ́, quinidine sì jẹ́ oògùn fún ọkàn tí ìlù rẹ̀ kò tẹ̀lé ara wọn mọ́. Ẹni tó bá fún onímalaríà ní oògùn ọkàn nítorí pé "ìbejì ni wọ́n", ẹ fojú inú wò ó.

Ìmọ̀ràn tèmi rèé. Kí a fi áísómà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò bíi táyà àti búrẹ́dì, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Fún èyí tó jẹ́ àwòrán ara wọn nínú dígí, kí a kọ "mólékù ọ̀tún àti mólékù òsì". Fún cis àti trans, "ẹ̀gbẹ́-kan" àti "ẹ̀gbẹ́-òdìkejì" ti tó. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún irú quinine àti quinidine. Ẹni tó bá ní in, kó kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, kó jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, torí ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò lẹ àtòjọ náà mọ́ ògiri. Èmi ni n ó mú ọsàn àti igi ìgbálẹ̀ wá sí ìpàdé. Kí ẹnì kan bá wa mú dígí.